Àtàǹpàkò Méjì Níwájú Láptọ́ọ̀pù

Ẹ má bínú sí ọ̀nà tí mo gbà kọ èyí. Mo ka ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán, mo wọ sẹ́kọ́ńdírì, n kò sì pẹ́ níbẹ̀ tí mo fi kúrò. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ jọ kó dùn ún kà. Alájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló ní kí n kọ ọ́. Òun ti wà nílé ní Ìnísà báyìí, èmi ṣì wà ní Accra níbí. Ó ní kí n kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé n kì í sábà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó lọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Bí mo ṣe dé Accra kò ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ ni mo wọ̀, ó sì gbé mi dé. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé Alájà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Kantamanto, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkìrìkà, obìnrin kan wá bá wa, ó sanra, irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Àǹtí Ákúà ni wọ́n ń pè é. Láti Ashaiman ló ti máa ń wá ra aṣọ tí òun náà ń tà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin náà wo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ń wo abẹ́ tábìlì. Ó wá fi Twi, èdè àwọn ará Gánà, bi Alájà pé kí ló jábọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kò sí nǹkan tó jábọ́," ni Alájà wí. "Ó ń kí ẹ ni."

"Láti ìsàlẹ̀?"

Gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ tó yí wa ká rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò tíì gbọ́ Twi nígbà yẹn, Alájà ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi nígbà tó yá. Láti ọjọ́ náà, bí Àǹtí Ákúà bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á ti máa wo ilẹ̀ níwájú mi. Á ní, "Alata, kí ló tún jábọ́ lónìí?" Alata ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀. Mo jáwọ́ nínú ìkúnlẹ̀. Mo kọ́ láti máa dúró ṣánṣán, kí n sì máa sọ "mepa wo kyɛw", ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí àwọn èèyàn ibí fi ń ṣáájú ohun gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ béèrè. Ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹnu ṣe.

Ilé Alájà wà ní Alajo, nínú àgbàlá kan tí èrò pọ̀ sí. Ariwo kì í tán níbẹ̀, síbẹ̀ n kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Twi ń lọ, Ga ń lọ, Haúsá ń lọ, èmi á jókòó sídìí ẹ̀rọ omi bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi. Wọ́n máa ń bu kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo wọn, àti ẹja fún mi, wọ́n sì máa ń dúró wò mí bóyá màá jẹ ẹ́ tán. Ohun tó ń dùn mí ni pé nílé, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé onítìjú ni mí. Ní Accra, wọ́n rò pé n kò mọ nǹkan kan ni. Bí àwọn èèyàn ò bá gbọ́ èdè ẹni, ìtìjú àti àìmọ̀kan, ojú kan náà ni wọ́n ní.

Àǹtí Ràṣídá nìkan ló máa ń bá mi jókòó. Àbígbẹ̀yìn Alájà ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, Accra sì ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ sí i, Twi ló fi ń dá mi lóhùn, á wá fi Òyìnbó dí àlàfo rẹ̀. Mo bi í nígbà kan ìdí tí kì í fi í sọ Yorùbá. Ó fi Yorùbá dáhùn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀.

"Mo sọ ọ́ rí. A lọ sí Ìnísà fún Iléyá, mo ní mo fẹ́ mu omi, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ gbọ́ bí ọmọ Gánà ṣe ń sọ̀rọ̀. Níbí, Alata ni mí. Lọ́hùn-ún, ọmọ Gánà. Chale, ọ̀rẹ́ mi, mo kúkú dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè jẹ́ àlejò níbi méjèèjì. Èmi ní ibì kan tí kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ta ni mí, mo kàn jìnnà sí i ni. Òun ò jìnnà síbì kankan, wọ́n sì ń bi í níbi gbogbo.

Òun ló fún mi ní fóònù. Ojú rẹ̀ ti sán ní igun kan, ó ti ra òmíràn. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀kọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó sì pa tì, ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kọ fún ẹ̀rọ kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣe. Mo ní kí n kàn wò ó. Òyìnbó inú rẹ̀ kò le tó ti sẹ́kọ́ńdírì, nítorí kì í yí padà. Ohun tí ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí lánàá náà ló túmọ̀ sí lónìí. Bí mo bá ṣì í, yóò sọ pé mo ṣì í, yóò sì dákẹ́ títí n ó fi tún un ṣe. Kò ní wo ojú mi. Fún ẹni tí ojú ń tì, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Lọ́sàn-án, bí ọjà bá dá, mo máa ń jókòó sórí béèlì aṣọ, màá fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú, àtàǹpàkò mi méjèèjì á máa sáré lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ, n kò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Bí iná bá lọ, tí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ń ráhùn dumsor, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ níbí, tèmi ń ṣiṣẹ́ lọ.

Màámi kì í lóye rẹ̀ bí mo bá pè é.

"O ní ò ń kọ̀wé sínú fóònù. Ta lò ń kọ ọ́ sí?"

"Fóònù náà ni, Màámi."

"Ṣé ó ń fèsì?"

"Bí mo bá ti kọ ọ́ dáadáa, ó ń fèsì."

"Ó sàn ju bàbá ẹ lọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí dátà fi tán, tí ohùn rẹ̀ sì já. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún díẹ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń ra béèlì, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Wọn kì í tú béèlì wò kí wọ́n tó rà á. Bó ṣe wà nínú ọ̀rá, tí wọ́n fi okùn dì í le koko, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń gbé e. Àkọlé ara rẹ̀ nìkan ni ojú rí, ìlú tó ti wá àti irú aṣọ tó wà nínú rẹ̀. Béèlì Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á dù ú. Béèlì Ṣáínà, wọ́n á wò ó kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ tú u ni a ó tó mọ ohun tí a rà, àwọn oníbàárà á sì ti rọ̀gbà yí wa ká, wọ́n á máa ṣa èyí tó dára lọ. Àǹtí Ákúà kì í bá a. Kí ọkọ̀ trotro rẹ̀ tó ti Ashaiman dé, ó ti ku àṣàkù.

"Ṣẹ́ẹ̀tì funfun àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo ń wá," á ní. "Ẹ pè mí bí ẹ bá rí i."

Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, Alájà sì máa ń gbàgbé. Mo wá kọ ojú ewé kékeré kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà á kọ ohun tó ń wá síbẹ̀. Bí a bá tú béèlì, màá tẹ ohun tó jáde nínú rẹ̀, ojú ewé náà á fi ìròyìn ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ń wá a, a ó sì bá a yà á sọ́tọ̀. Ó gbà mí lọ́pọ̀ ọ̀sán. Ó bàjẹ́, mo tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, Àǹtí Ákúà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó na fóònù rẹ̀ sókè.

"Ta ló kọ èyí sí mi?"

Alájà fi ẹnu tọ́ka sí mi. Àǹtí Ákúà wo ilẹ̀, ó wá wo ojú mi.

"Èyí tí nǹkan máa ń jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ yìí?"

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn tí n kò mọ̀ rí láti Ashaiman ti ń kọ orúkọ wọn sójú ewé mi. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alájà sọ pé orúnkún òun kò gba ọjà mọ́. Bí Iléyá bá ti kọjá, òun yóò padà sí Ìnísà, ìsọ̀ náà yóò sì di ti ẹlòmíràn.

"Bí o bá ríṣẹ́ gidi kí n tó lọ, dúró," ó ní. "Ràṣídá ní o lè bá òun gbé. Bí o ò bá rí, a jọ ń lọ ni. Mi ò lè fi ọmọ àbúrò mi sílẹ̀ sínú Accra kó máa fẹsẹ̀ gbálẹ̀ kiri."

N kò fẹ́ lọ. Kì í ṣe pé Ìnísà burú. Accra ni mo ti mọ̀ pé ohun kan wà tí mo lè ṣe, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá kúrò níbẹ̀, ohun náà ò ní bá mi lọ.

Àǹtí Ràṣídá ló rí ìpolówó náà. Ilé iṣẹ́ kan ní Osu ń wá àwọn tí yóò máa kọ kóòdù, wọn yóò sì tún kọ́ wọn sí i. "Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí," ó ní. "Wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí: ẹni tó bá ti lè ṣe é ni àwọn ń wá." Ó bá mi lọ aṣọ mi. Ó ní kí n má wo ilẹ̀ bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ọmọbìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ sí wa, ó ní kí a kó fóònù wa sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà wo ìdáhùn. Mo fi tèmi sí i. Gbogbo àwọn tó jókòó ló gbé láptọ́ọ̀pù lé itan. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nípọn bí búrẹ́dì, bọ́tìnnì kan sì ti yọ lójú rẹ̀.

"Tìrẹ dà?" ó bi mí.

"N kò ní."

Ó wò mí tìyanu tìyanu. Wọ́n pè é wọlé, kò pẹ́ tó fi jáde. Mo bi í pé báwo ni.

"Láptọ́ọ̀pù mi ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní irú èyí ṣì wà? Èmi kàn bá wọn gbé e wá ni."

Èèyàn méjì ló wà nínú yàrá. Màdáámù Èfúà ni ọ̀gá, ó lo awò ojú, ohùn rẹ̀ tutù. Ọ̀gbẹ́ni Kòfí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, mo rántí Àǹtí Ákúà, mo dúró ṣánṣán. Wọ́n bi mí irú kọ̀ǹpútà tí mo ń lò. Wọ́n bi mí ibi tí mo ń kó iṣẹ́ mi sí kí àwọn lè wò ó, wọ́n dárúkọ ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń kó tiwọn sí. N kò ní àyè níbẹ̀.

"Inú fóònù ni tèmi wà," ni mo wí.

"Inú fóònù," ni Ọ̀gbẹ́ni Kòfí wí tẹ̀ lé mi, ó wo Màdáámù.

Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù tiwọn síwájú mi, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó ń dán. Ìdánwò náà wà lójú rẹ̀, aago sì ń sáré ní igun. Mo ka ìbéèrè àkọ́kọ́, ọkàn mi sì balẹ̀, nítorí irú ohun tí mo ṣe fún Àǹtí Ákúà gan-an ni: wo ohun tí àwọn èèyàn ń wá, wo ohun tó wà nílẹ̀, mú èyí tó bára mu jáde. Mo na ọwọ́, mo fi ìka tẹ ojú láptọ́ọ̀pù náà níbi tí mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tún un tẹ̀.

"Sísítà, kì í ṣe fóònù," ni Ọ̀gbẹ́ni Kòfí wí. Kò fi ìkà sọ ọ́.

Ipa ìka mi hàn lára rẹ̀. Mo fi etí ìborùn mi nù ún. Àwọn lẹ́tà náà wà níbi tí mo mọ̀ wọ́n sí, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà síra wọn bí ìsọ̀ sí ìsọ̀, àtàǹpàkò mi kò ká wọn. Mo ń fi ìka kan ṣoṣo ṣà wọ́n bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Bí mo bá fẹ́ padà sẹ́yìn, n kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà. Ìbéèrè kejì, òótọ́ ni pé n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n n kò tíì kọ ti àkọ́kọ́ dé àárín tí àkókò fi tán, tí ẹ̀rọ náà ti ara rẹ̀, tó sì kọ ọ́ sójú pé n kò tó.

"O ò tíì lo kọ̀ǹpútà rí," ni Màdáámù Èfúà wí. "Lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ná, kó o tó máa ronú kóòdù. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀."

Mo fẹ́ sọ pé kóòdù ni mo kọ́kọ́ mọ̀, pé ẹ̀yìn ni kọ̀ǹpútà wà fún mi, pé kí wọ́n jẹ́ kí n sáré mú fóònù mi wá lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n "Ẹ ṣé, mà" ni mo sọ. Mo mú fóònù mi nínú apẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló sì wà ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń yẹ̀ mí wò.

Màámi pè nígbà tí mo wà nínú trotro. Mo ní ó dára. Ó ní, "Ohùn ẹ ò dára." Mo ní ariwo ọkọ̀ ni.

Alájà jókòó sí ìsọ̀, ó ń já òwú lára ṣẹ́ẹ̀tì kan.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní n kò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ díẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n béèrè, mo mọ ọ̀kan dáadáa."

"O sì sọ fún wọn?"

Mo ní rárá. Béèlì kan wà níwájú ìsọ̀ kejì tí kò tíì rí ẹni rà á, Alájà nawọ́ sí i.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"N kò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀. Béèlì Ṣáínà ni, mi ò sì ní rà á. Ó ti já mi kulẹ̀ rí."

"Ṣùgbọ́n aṣọ gidi lè wà níbẹ̀, Alájà."

"Ó lè wà. Kì í ṣe èmi ni màá fi owó mi wádìí ẹ̀. Àwọn tó o lọ bá, ọlọ́jà ni wọ́n. Àkọlé ni wọ́n rí. Má bínú sí wọn jù."

Mo rò pé ó ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ sí i, nítorí òótọ́ ló sọ. Èmi náà ti jókòó sórí béèlì rí, mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ohun tí wọn ò tíì tú ní bọ́lá, ìdọ̀tí tí wọ́n ń kó dànù, kò sì dà bí ìwà ìkà létí mi. Bí ọjà ṣe ń lọ ni. Alájà fi eyín já òwú tó kù.

"Ṣùgbọ́n béèlì ò lẹ́nu," ó ní. "Ká ní ó lẹ́nu ni, á ti pè mí pé Alájà, ẹ tú mi wò. Ìwọ lẹ́nu. Ilé lo fi í sílẹ̀ sí."

Ó ju ṣẹ́ẹ̀tì náà sí mi kí n ká a.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ lánàá, n kò sọ ibi tí mo ń lọ fún ẹnì kankan, mo wọ trotro lọ sí Osu. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn. Mo dúró. Nígbà tí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà dé, ó ní ìdánwò ti parí. Mo ní mo mọ̀, mepa wo kyɛw, Màdáámù ni mo fẹ́ rí. Màdáámù Èfúà wọlé dé, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, kí n sì tó rò ó, orúnkún mi ti kanlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

Ó dúró. Ó wo ilẹ̀ níwájú mi, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

"Kí ló jábọ́?"

"Kò sí, mà," ni mo wí. "Ó wà lọ́wọ́ mi."

Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì na fóònù náà sí i, ojú ewé àwọn ará Ashaiman wà ní ṣíṣí lójú rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó tún bi mí ní ìbéèrè àná, kí n fi èyí dáhùn.